Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan lórí kíkọ áàpù fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́: báwo ni kí a ṣe tò ó?

Ọmọ Ajílété

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ áàpù fóònù, nínú gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Under-G, níbi tí kò jìnnà sí yunifásítì LAUTECH. Ogún ènìyàn ni a fẹ́ gbà. Kì í ṣe ẹni tí kò kọ kóòdù rí ni a ń wá. Àwọn tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kọ ètò kékeré, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì parí áàpù kan tí ẹlòmíràn lè fi sórí fóònù rẹ̀ kí ó sì máa lò, ni a ní lọ́kàn. Ọjọ́ Ajé ni a ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó sì parí, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Bí a ṣe kọ́kọ́ tò ó nìyí: èdè tí a ó fi kọ kóòdù ní ọjọ́ Ajé, ojú áàpù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìpamọ́ dátà ní Ọjọ́rú, bí áàpù ṣe ń bá sáfà (kọ̀ǹpútà tí ń dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì) sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, gbígbé áàpù sórí Google Play ní ọjọ́ Ẹtì, kí olúkúlùkù wá fi tirẹ̀ hàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Èkíní, nínú ohun èlò ìkọ áàpù méjì tí a ní lọ́kàn, ṣé Kotlin ni kí a fi kọ́ wọn ni, àbí Flutter? Èkejì, báwo ni a ó ṣe ṣe ọ̀rọ̀ iná àti dátà íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ̀kẹta, irú áàpù wo ni ó yẹ kí wọ́n lè parí láàárín ọjọ́ mẹ́fà?

Baba Ẹ̀rọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báyìí ti máa ń dẹnu kọlẹ̀ kí ọ̀sán ọjọ́ kìíní tó pọ́n. Ẹni tí ó bá ṣí iṣẹ́ tuntun nínú Android Studio, ètò tí a fi ń kọ áàpù Android lórí kọ̀ǹpútà, fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rí i pé Gradle, ohun èlò tí ń to gbogbo ẹ̀yà áàpù pọ̀ di odidi, yóò kọ́kọ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà yóò gba gbogbo library (kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tí iṣẹ́ náà nílò. Bí ogún láàpútọ́ọ̀pù bá ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan náà lórí Wi-Fi kan ṣoṣo, ẹ ó kàn jókòó máa wo ara yín lójú ni títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, dátà tí ẹ fi owó gidi rà yóò sì ti tán.

Àbá mi ni pé kí ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ náà, bóyá ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí gbogbo wọn gbé láàpútọ́ọ̀pù wọn wá fún àyẹ̀wò. Ẹ ti gba Android Studio, Android SDK (àkójọ ohun èlò ìkọ áàpù Android) àti gbogbo library tí ẹ ó lò sórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ ti fi wọ́n kọ áàpù àpẹẹrẹ kan, ẹ sì ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá da fóódà .gradle ti kọ̀ǹpútà yẹn kọ sórí fláàṣì fún gbogbo wọn. Bí ó bá jẹ́ Flutter ni ẹ ń lò, ẹ da fóódà tí àwọn package rẹ̀ (ìyẹn library tirẹ̀) wà mọ́ ọn. Ẹ̀dà kan náà ni kí gbogbo ènìyàn lò, nítorí pé bí ẹ̀dà Gradle ti ẹnìkan bá yàtọ̀, yóò tún sáré lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa Wi-Fi, kí olúkúlùkù sì gbìyànjú láti gbé áàpù àpẹẹrẹ náà jáde sórí fóònù tirẹ̀. Èyí tí ó bá jáde ti ṣe tán fún ọ̀sẹ̀ náà. Èyí tí kò bá jáde, àyè ṣì wà láti tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo emulator, ìyẹn ètò tí ń ṣe bíi fóònù lórí kọ̀ǹpútà. Android Studio nìkan ń béèrè 8GB RAM ó kéré tán. Bí a bá tún gbé emulator lé e lórí, láàpútọ́ọ̀pù àlòkù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò yóò máa gbóná, bátìrì rẹ̀ yóò sì tètè tán. Fóònù gidi ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n lọ sí Settings, kí wọ́n tẹ Build number ní ẹ̀ẹ̀méje, Developer options yóò jáde, wọn yóò sì tan USB debugging níbẹ̀, kí láàpútọ́ọ̀pù lè gbé áàpù sórí fóònù náà. Ẹ ra wáyà USB mélòó kan sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé púpọ̀ nínú wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, iná nìkan ni wọ́n ń gbé, wọn kì í gbé dátà. Fóònù yóò máa gba iná, ẹni tó ni ín yóò rò pé ó ti wọlé, yóò sì máa wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ní àbùkù kankan.

Ìyá Adùnní

Ní ti iná, ẹ má fi ọkàn tán iná ìjọba rárá, kódà bí ó bá ti dúró dáadáa ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. Ṣájà láàpútọ́ọ̀pù máa ń gba bíi wáàtì 65. Ogún rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,300, kí a tó ka fáànù àti ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń tan gílóòbù nílé kò lè gbà á. Bí ẹ kò bá rí èyí tí ó tóbi yá, ẹ pín wọn sí ìlàjì méjì, kí ìlàjì kan máa gba iná nígbà tí ìlàjì kejì ń lo bátìrì. Kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ àti nítorí pé olùkọ́ tí ń pariwo lé ẹ̀rọ lórí fún ọjọ́ mẹ́fà kò ní lóhùn mọ́ ní ọjọ́ Ẹtì.

Kóòdù Àárọ̀

Lórí ìbéèrè kìíní, iṣẹ́ JetBrains, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ohun èlò fún àwọn tí ń kọ kóòdù, ni èdè Kotlin. Google fọwọ́ sí i fún Android ní ọdún 2017, nígbà tí ó sì di ọdún 2019 wọ́n kéde pé òun ni àwọn yóò máa fi ṣáájú. Flutter ní tirẹ̀ jẹ́ ti Google, èdè Dart ni a fi ń kọ áàpù rẹ̀, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ohun tí ọ̀pọ̀ fi ń yìn ín ni pé kóòdù kan náà lè di áàpù Android àti ti iPhone, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ó ṣe gbé ti iPhone jáde láìsí kọ̀ǹpútà Mac tí Xcode (ètò Apple fún kíkọ áàpù) wà lórí rẹ̀, nítorí náà àǹfààní yẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ kàn yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Èyí tí yóò kàn yín ni pé bí ẹnìkan bá yí àwọ̀ bọ́tìnnì kan padà, yóò rí i lójú fóònù kíákíá láìtún bẹ̀rẹ̀ áàpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, ohun ńlá ni èyí.

Síbẹ̀, ohun tí mo gbàgbọ́ jù ni pé èdè tí ẹ̀yin olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń jẹun ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Àṣìṣe ogún ènìyàn ni ẹ ó máa wò lójoojúmọ́, ó sì yẹ kí ẹ lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti rí i.

Ọmọ Ajílété

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Flutter ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń ṣiṣẹ́ oòjọ́, nítorí náà òun ni a ó lò. A ti gba ọjọ́ àyẹ̀wò náà wọlé, a ó sì wá jẹnẹrétọ̀ tí ó tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọjọ́ Ẹtì tí a yà sọ́tọ̀ fún Google Play. Àwọn tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ ń fẹ́ kí áàpù wọn wà níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ará Sábó

Kò lè ṣeé ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì sàn kí ẹ sọ fún wọn láti ìsinsìnyí kí wọ́n má baà rò pé ẹ tan wọ́n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí àkáǹtì ara ẹni lórí Google Play lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2023 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ó kéré tán ènìyàn 12 tí yóò máa dán áàpù rẹ̀ wò fún ọjọ́ 14 léra wọn, kí ó tó lè bẹ Google pé kí wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé. Ènìyàn 20 ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ó jẹ́, kí wọ́n tó dín in kù sí 12. Owó ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ dọ́là 25, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń san án.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan: ogún ni yín. Bí gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bá gbà láti máa dán áàpù ara wọn wò, iye tí Google ń béèrè ti pé fún olúkúlùkù wọn. Ẹ fi ìdajì ọjọ́ Ẹtì ṣe àdéhùn yìí, kí wọ́n kọ orúkọ í-meèlì wọn sílẹ̀, kí ọjọ́ 14 náà sì máa ka lẹ́yìn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ti parí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, APK (fáìlì tí a fi ń gbé áàpù Android sórí fóònù) ni kí wọ́n gbé jáde, kí wọ́n fi Bluetooth fi í ránṣẹ́ sí fóònù àwọn àlejò.

Kí ẹ sì kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fọwọ́ sí APK, ìyẹn fáìlì tí fóònù fi ń mọ̀ pé ọwọ́ ẹni kan náà ni ẹ̀dà tuntun ti wá. Bí fáìlì kọ́kọ́rọ́ yẹn bá sọnù, ẹni tí ó ti gba APK náà lọ́wọ́ yín kò ní lè gba ẹ̀dà tuntun lé e lórí mọ́. Àfi kí ó yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, gbogbo ohun tí ó ti kọ sínú rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Kí wọ́n ní ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán.

Ìyá Adùnní

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kẹta. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kí olúkúlùkù mú èrò ti ara rẹ̀ wá. Bí ogún ènìyàn bá ń kọ ogún áàpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olùkọ́ mẹ́ta kò lè tọ́ wọn sọ́nà. Ẹni tí èrò rẹ̀ tóbi jù ni kò ní parí, ẹni yẹn gan-an sì ni yóò kọ́kọ́ sọ ìrètí nù. Iṣẹ́ kan náà ni kí ẹ fún gbogbo wọn, kí wọ́n máa ṣe é ní méjì-méjì.

Iṣẹ́ tí mo dábàá ni áàpù fún alájọ. Gbogbo wọn ló mọ alájọ, ìyá púpọ̀ nínú wọn ló ń dá àjọ, iṣẹ́ náà kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tó láti parí, ó sì ní ìṣirò owó tí kò gbọdọ̀ ṣì. Kí ẹ pe alájọ gidi kan wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Alájọ

Àbá yìí wọ̀ mí lára gan-an. Ìyá mi ń gba àjọ ní agbègbè Ọjà Jagun láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, mo sì máa ń bá wọn ka owó lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ohun tí ó rọrùn lórí pépà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ lójà.

Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan tí àpótí 31 wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dá ₦500 lójúmọ́, bí ó bá ti san ti òní, alájọ yóò fi bírò sàmì sí àpótí kan. Nígbà tí oṣù bá parí, yóò kó owó náà fún un, yóò sì yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá dá a ní ìgbà 30 ti kó ₦15,000 jọ, ₦14,500 ni yóò sì gbà. Títí dé ibí yìí, ẹnikẹ́ni lè kọ kóòdù rẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wá sọ́jà ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè san ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ ní Ọjọ́rú. Ẹlẹ́ran tí ọjà rẹ̀ tà lè ní òun fẹ́ gbé e láti ₦500 sí ₦1,000 ní àárín oṣù. Alájọ kan yóò fún un ní káàdì tuntun, òmíràn yóò kàn sàmì sí àpótí méjì. Ẹlòmíràn yóò béèrè owó rẹ̀ kí oṣù tó pé nítorí owó ilé ìwé ọmọ, wọn yóò fún un, yóò sì tún máa dá a lọ. Àwọn kan ní káàdì méjì lọ́wọ́ alájọ kan náà, ọ̀kan fún owó ọjà, ọ̀kan fún owó ilé, wọn kò sì fẹ́ kí a pa wọ́n pọ̀ láé.

Ẹ tún ro bí alájọ ṣe ń dúró. Inú oòrùn ni, báàgì wà ní èjìká, owó wà lọ́wọ́ kan, oníbàárà sì ń dá ẹni tí ń ná ọjà lóhùn lọ́wọ́ kan náà. Àkókò tí a fi ń gba owó tí a sì fi ń sọ pé "ẹ ṣé, ẹ óò tà o" ni gbogbo àkókò tí ó wà láti fi sàmì. Bí áàpù náà bá ń béèrè kí a tẹ ojú fóònù ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, ìyá mi yóò padà sídìí bírò wọn. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí ó dúdú lórí funfun, nítorí àwọ̀ tí ó rẹwà nínú gbọ̀ngàn kì í hàn nínú oòrùn ọ̀sán. Ní pàtàkì jù lọ, oníbàárà náà ní káàdì tirẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn. Áàpù yín kò gbọdọ̀ gba ẹ̀rí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Baba Ẹ̀rọ

Ọmọ Alájọ, ẹ kú làákàyè. Ohun tí ẹ kọ yìí ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ajé gan-an. Ó sì ti fi hàn wá bí a ó ṣe to dátà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fẹ́ ṣe àtẹ kan tí ó ní àpótí 31 nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni káàdì rí, ṣùgbọ́n àpótí kò lè sọ pé owó ọjọ́ mẹ́ta wọlé pọ̀ ní Ọjọ́rú. Àtẹ mẹ́ta ni kí wọ́n ṣe nínú SQLite, ohun èlò tí ń tọ́jú dátà sórí fóònù: ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún káàdì, ọ̀kan fún owó tí ó wọlé tàbí tí ó jáde. Gbogbo ìgbà tí owó bá yí ọwọ́ padà, ìlà tuntun kan ni yóò wọ àtẹ kẹta, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye rẹ̀. Iye tí ó wà nílẹ̀ fún oníbàárà kì í ṣe ohun tí a kọ pamọ́ síbì kan. Àròpọ̀ àwọn ìlà yẹn ni. Kí wọ́n má sì pa ìlà kankan rẹ́. Bí alájọ bá tẹ ₦5,000 dípò ₦500, kí ó kọ ìlà mìíràn tí yóò yọ èyí tí ó lé kúrò, kí ẹ̀rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Owó gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi nọ́ńbà ní kọ́bọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ double, ìyẹn irú nọ́ńbà tí ó lè ní ìdá bíi 0.5. Kọ̀ǹpútà kò lè fi double tọ́jú 0.1 gẹ́lẹ́, bí a bá sì ń ro irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ kékeré yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí wọ́n rántí pẹ̀lú pé orúkọ àti owó ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú; òfin tí ń dáàbò bo dátà ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2023, nítorí náà kí áàpù náà ní PIN, kí ó má sì béèrè ohun tí kò nílò.

Kóòdù Àárọ̀

Ẹ fi ohun kan kún un tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ òkèèrè kì í sọ. Orúkọ àwọn oníbàárà yóò ní àmì ohùn. Lẹ́tà "ẹ́" kò ní àyè kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí ń fún gbogbo lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ" ni a kọ́kọ́ ń kọ, kí a tó gbé àmì lé e, ẹlòmíràn sì lè kọ "e", kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kí ó tún fi ti òkè. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Dart, ọ̀rọ̀ náà "ọ̀gẹ̀dẹ̀" lè gùn tó 8 tàbí 11, ó kù sí bí a ṣe tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá wá a lè má rí i. Kí wọ́n sọ gbogbo orúkọ di NFC, ọ̀nà ìkọ kan náà tí Unicode là sílẹ̀, kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, kí ibi ìwákiri sì lè gba orúkọ tí a kọ láìsí àmì, torí pé bẹ́ẹ̀ ni alájọ tí ń kánjú yóò ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo bí orúkọ ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú: bí a kò bá tọ́ ọ sọ́nà, àwọn "Ẹ̀bùn" àti "Ọlá" yóò lọ wà lẹ́yìn "Z".

Àkànní

Ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko ohun kan. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ ti yọ Ọjọ́bọ̀ kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń wá iṣẹ́, àwọn tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ sì máa ń béèrè bóyá wọ́n mọ bí áàpù ṣe ń bá sáfà sọ̀rọ̀. Áàpù tí ó dá dúró lórí fóònù kan kò tó.

Baba Ẹ̀rọ

Òótọ́ ni ẹ sọ, Àkànní. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì lè tọ́jú dátà lórí fóònù kan kò ní lè gbé e láti fóònù kan sí òmíràn. Bí a bá fi sáfà kún ọ̀sẹ̀ yìí, ìdajì wọn kò ní parí, ẹni tí ń gbani síṣẹ́ kò sì ní rí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo lè gbà ni pé ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n kọ bí áàpù ṣe ń kó gbogbo dátà rẹ̀ sínú fáìlì kan tí alájọ lè gbé pamọ́ síbòmíràn, kí ó sì tún lè dá a padà sórí fóònù tuntun bí ti tẹ́lẹ̀ bá bọ́ sómi. Ẹni tí ó bá ti kọ èyí ti mọ bí a ṣe ń sọ dátà di JSON (ọ̀nà ìkọ tí àwọn ètò fi ń fi dátà ránṣẹ́ sí ara wọn), ìyẹn sì jẹ́ apá pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ sáfà.

Àkànní

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lè fi ọjọ́ méjì mìíràn lórí sáfà sí oṣù tí ń bọ̀, èmi fúnra mi yóò wá kọ́ wọn láìgba owó.

Ìyá Adùnní

Ohun méjì péré ló kù fún mi. Àwọn ọmọbìnrin tí ilé wọn jìnnà kò ní lè dúró di aago márùn-ún kí wọ́n tó wá ọkọ̀, pàápàá àwọn tí ń lọ sí ọ̀nà Ìlọrin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, kí ẹ sì tú ká ní aago mẹ́rin. Kí ẹ sì fi Yorùbá kọ́ wọn. Bí orúkọ ohun èlò bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí àlàyé ìdí tí nǹkan fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ní èdè tí wọ́n fi ń ronú, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé lè béèrè láìtijú.

Ọmọ Ajílété

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo ti kọ sílẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti fẹnu kò lórí rẹ̀. Àyẹ̀wò láàpútọ́ọ̀pù yóò wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú. Ní ọjọ́ Ajé, alájọ yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn èyí wọn yóò fi pẹ́ńsù ya ojú áàpù sórí pépà, wọn yóò sì fi í han alájọ náà kí ó tó lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà fún ojú áàpù, Ọjọ́rú àti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ fún SQLite, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ fún fáìlì ìpamọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a ó mú fóònù lọ sínú ọjà, kí alájọ lò ó nínú oòrùn, kí a sì wá tún ohun tí kò bá dára ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ náà wà fún kọ́kọ́rọ́ APK àti àdéhùn ọjọ́ 14. Aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin ni lójoojúmọ́.

Ọmọ Alájọ, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìyá yín yóò lè yọ̀ǹda àárọ̀ ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Ẹtì fún wa? A ó san owó àkókò wọn, nítorí a mọ̀ pé àárọ̀ ni wọ́n fi ń yípo.

Ọmọ Alájọ

Mo ti bi wọ́n léèrè lálẹ́ àná. Wọ́n ní àwọn yóò wá ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n wọn kò lè dúró ju aago mẹ́wàá lọ, nítorí àwọn oníbàárà ń retí wọn. Ní ti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí ẹ má pe àwọn síbì kan. Kí ẹ wá bá àwọn lọ́jà, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì máa tẹ̀ lé àwọn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kí wọ́n má sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọjà. Wọ́n tún béèrè bóyá áàpù náà yóò lè fi àwọn tí kò tíì san ti òní hàn lójú kan, nítorí ìyẹn ni ó máa ń gba wọ́n lákòókò jù.

Baba Ẹ̀rọ

Yóò lè ṣe é. Ẹ fi í sí iṣẹ́ Ọjọ́rú. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, èmi yóò gbé fláàṣì márùn-ún àti àwọn wáyà USB tí mo ti dán wò wá. Kí ẹni tí ó bá ní fóònù Android àtijọ́ tí kò lò mọ́ bá wa mú un dání, nítorí orí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ti rí i pé áàpù náà ń yára ṣí.